Ilẹ̀ Tí Ẹnikẹ́ni Kì Í Tẹ́ Àtẹ Sí

Iṣẹ́ tí mo fi jẹun ni kí n máa ya ilẹ̀ sórí bébà. Bí ìjọba bá fẹ́ ṣe nǹkan sí ilẹ̀ kan ní Akra, àwa la máa kọ́kọ́ lọ wọ̀n ọ́n. A ó kan èèkàn mọ́ ọn, a ó fa ṣéènì lórí rẹ̀, lẹ́yìn náà ni màá padà sí ọ́fíìsì lọ fi pẹ́ńsùlù yà á. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà ju bó ṣe yẹ lọ. Ìlà tí kò bá tọ́ máa ń bí mi nínú. Ìyàwó mi máa ń sọ pé bí mo bá wọ ilé onílé, ògiri tó wọ́ ni mo máa ń rí kí n tó kí ẹni tó ni ín, kò sì parọ́ mọ́ mi. Irọ́ kan ṣoṣo ni mo yà rí láyé mi. Gbàgede àtijọ́ kan tó wà nítòsí òkun ni mo yà á sí, lọ́dún tó ṣáájú òmìnira Gánà.

Gbàgede náà ti wà kí wọ́n tó bí bàbá ẹnikẹ́ni tí mo mọ̀. Àwọn àgbà Gã sọ pé ibẹ̀ ni àwọn oníṣòwò òyìnbó ti ń wọn epo pupa láyé ìgbà kan, kí wọ́n tó yí àgbá epo náà lọ sétí òkun. Nígbà tí mo fi máa gbọ́njú, kò sẹ́ni tó ń bójú tó o mọ́. Ògiri òkúta ilé oníṣòwò kan ṣì dúró lápá kan, òrùlé rẹ̀ ti lọ. Kànga kan wà láàárín tí wọ́n ti da pàǹtí dí. Ìbọn àgbá kan rì sínú ilẹ̀ débi pé ìdí rẹ̀ nìkan ló kù lókè, àwọn ewúrẹ́ sì ń fi í họ ara. Bí òjò bá rọ̀, omi á dúró síbẹ̀ fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Síbẹ̀ àwa fẹ́ràn ibẹ̀, torí ibẹ̀ ni àwọn ìyá wa ti ń tajà.

Àwa tí mò ń wí ni àwọn Yorùbá tí wọ́n ń pè ní Alata níbẹ̀. Akra ni wọ́n bí mi sí. Mo gbọ́ Gã, mo gbọ́ Twi, mo sì gbọ́ Haúsá díẹ̀, ṣùgbọ́n Yorùbá la ń sọ nílé, bí mo bá sì fi Gã dá màmá mi lóhùn, á ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ọṣẹ dúdú ló ń tà, èyí tí àwọn ará Gánà fi orúkọ wa pè, alata samina, ó sì máa ń ká aṣọ díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn obìnrin wa bíi méjìlá ló tẹ́ àtẹ yí gbàgede náà ká, wọ́n fún ara wọn pinpin. Ṣùgbọ́n igun kan wà lábẹ́ igi dóńgóyárò, ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú, koríko rẹ̀ dára, oòrùn kì í sì í dé ibẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ń tẹ́ àtẹ síbẹ̀. Bí o bá béèrè ìdí rẹ̀, wọ́n á ní ilé ìjàlọ ni. Àwọn ọkọ wọn ló sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Láti kékeré ni èmi náà ti gbà á gbọ́, bẹ́ẹ̀ ni mi ò rí ìjàlọ kan níbẹ̀ rí.

Mo ní àbúrò obìnrin kan nígbà kan. Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ, òun jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta, lọ́dún tí ilẹ̀ mì ní Akra. Ìrọ̀lẹ́ ni. À ń jẹ kẹ́ńkè lọ́wọ́ nígbà tí àwo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn fúnra rẹ̀ lórí tábìlì. Ògiri yàrá wa là láti òkè délẹ̀. Bàbá mi gbé mi lápá kan, ó gbé àbúrò mi lápá kejì, a sì sáré bọ́ sí gbàgede pẹ̀lú gbogbo àdúgbò. Ẹ̀rù kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni padà wọlé sùn. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan la fi gbé níta níbẹ̀ lábẹ́ tàpólì, Alata, Gã, Haúsá, gbogbo wa há mọ́ra bí ẹrù inú lọ́rì, òjò sì ń rọ̀ torí àsìkò òjò ni. Ṣe ni àwa ọmọdé ń ṣe é bí ọdún. Èmi náà gbádùn rẹ̀ títí ibà fi mú àbúrò mi.

Ọjọ́ mẹ́rin péré ni. Lọ́jọ́ tó kú, ìyá kan mú màmá mi àti èmi lọ sí ilé rẹ̀ ní Zongo, àdúgbò àwọn Haúsá, bàbá mi ń tẹ̀ lé wa, ó ń wo ilẹ̀. Nígbà tí a padà lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti ká ẹní rẹ̀, wọ́n sì ti kó bàtà rẹ̀ méjèèjì lọ. Àwọn obìnrin Twi ń sọ pé "Due, due," bí wọ́n ṣe ń bá ọlọ́fọ̀ kẹ́dùn. Àwọn tiwa ń sọ pé omi ló dànù, agbè ò fọ́. Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lọ́pọ̀ ìgbà látìgbà náà, mo sì mọ̀ pé ìtùnú ni wọ́n fi ń ṣe, ṣùgbọ́n títí dòní ni inú ń bí mi sí i. Àbúrò mi kì í ṣe omi.

Lọ́dọ̀ wa, òbí kì í sin ọmọ, kì í sì í mọ ojú oórì rẹ̀. Àwọn ọkùnrin àdúgbò ló máa ń gbé òkú ọmọ lọ. Wọn kò ní sọ ibi tí wọ́n gbé e sí, òbí kò sì ní bi wọ́n. Èèwọ̀ ni. Wọ́n ní bí òbí bá mọ ibẹ̀, ọkàn rẹ̀ kò ní kúrò níbẹ̀ mọ́, ọmọ mìíràn kò sì ní rí àyè wá. Màmá mi pa èèwọ̀ náà mọ́. Ọmọ mìíràn kò wá, síbẹ̀ ó pa á mọ́. Bàbá mi náà kò béèrè títí tó fi kú. Àwọn àgbà sọ pé ọmọ mi kú yá ju ọmọ mi nù lọ. Ọmọ ti màmá mi kú, ó sì tún nù, nítorí kò sí ibì kan láyé yìí tó lè nawọ́ sí pé ibẹ̀ ló wà.

Ọdún mẹ́tàdínlógún lẹ́yìn náà, nígbà tó ti dá gbogbo èèyàn lójú pé òmìnira ń bọ̀, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í tún ojú ìlú ṣe. Wọ́n rántí gbàgede wa. Wọ́n ní àlejò á wá láti gbogbo ayé, kò ní dáa kí wọ́n wá bá ewúrẹ́ nídìí ìbọn àgbá. Ọ́fíìsì wa ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún. Ọ̀gá mi, ọmọ Gã kan tí irun orí rẹ̀ ti ń funfun, gbé e lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Alata, ẹ̀yin lẹ gba ibẹ̀ lọ́wọ́ wa, ìwọ náà ni kí o tún un ṣe." Yẹ̀yẹ́ ló ń fi mí ṣe, ṣùgbọ́n mi ò lè jẹ oúnjẹ ọ̀sán lọ́jọ́ náà nítorí ayọ̀. Ọmọ ọdún márùndínlọ́gbọ̀n ni mí. Ilẹ̀ tí mo ti sùn sí nínú òjò ni wọ́n ní kí n wá fún lójú tuntun.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi wọn ibẹ̀. Mo yà á pé kí ògiri òkúta dúró bó ṣe wà, kí wọ́n kàn dí ojú tó ti là. Mo yà á pé kí wọ́n hú ìbọn àgbá náà jáde, kí wọ́n gbé e sórí òkúta kí àwọn ọmọdé lè máa gun ún. Mo la ọ̀nà fún omi òjò. Mo fi ìsọ̀ onípáànù sí ẹ̀yìn ògiri fún àwọn obìnrin, kí àtẹ má bàa wà láàárín mọ́. Ó wá ku ohun tí ìjọba fẹ́ jù, ìyẹn adágún kékeré onísìmẹ́ńtì tí ẹ̀rọ á máa tú omi sókè nínú rẹ̀. Mo wá ibi tó ṣófo tí màá fi í sí, tí ẹnikẹ́ni kò ní sọ pé ilẹ̀ òun ni mo gbà. Ibì kan ṣoṣo ló wà bẹ́ẹ̀ ní gbogbo gbàgede, ìyẹn igun abẹ́ dóńgóyárò. Inú mi dùn sí ọgbọ́n ara mi. Ọwọ́ ara mi ni mo fi gba òòlù lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, mo kan èèkàn mẹ́rin mọ́ ọn, màmá mi sì ń wò mí láti ìdí ọṣẹ rẹ̀.

Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi í ṣe ẹ̀fẹ̀. "Ọmọ rẹ ló mà ń yà ọ́ kúrò nídìí àtẹ yìí o!"

"Kó yà mí síbi tó bá wù ú," ló fi dá wọn lóhùn. "Ṣèbí èmi ni mo bí i."

Bàbá bíríkìlà kan wà láàárín àwọn tiwa, ará Ògbómọ̀ṣọ́, Mùsùlùmí tó ń gbé ní Nima. Òun àti bàbá mi jọ wọ ìlú yìí lọ́jọ́ kan náà. Wọ́n ti gbà á pé kó ṣáájú àwọn tó máa mọ adágún náà. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ lọ wo ibi iṣẹ́, ó rí èèkàn mi. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ó fi ẹsẹ̀ rìn wá sí ọ́fíìsì wa nínú oòrùn, ó sì dúró dè mí lẹ́nu géètì títí mo fi jáde lọ jẹun.

"Ìwọ lo kan èèkàn sábẹ́ dóńgóyárò yẹn?"

"Èmi ni, Bàbá. Ẹ kú oòrùn o."

Kò dáhùn kíkí mi. "Báwo ni wọ́n ṣe máa gbẹ́ ẹ jìn tó?"

"Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà. Abẹ́ rẹ̀ ni ẹ̀rọ máa wà."

Bàbá náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun tó wọ̀. Mo rò pé oòrùn ló mú un. Mo bẹ̀rẹ̀ láti gbé e dìde, ó sì di ọwọ́ mi mú.

"Àbúrò rẹ ló wà níbẹ̀," ó ní. "Èmi àti ọkùnrin kan tó ti lọ sọ́run, àwa méjèèjì la gbẹ́ ẹ."

Ó sọ ọ́ fún mi tán níbẹ̀, lẹ́nu géètì, bí àwọn akọ̀wé ṣe ń gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá. Lọ́dún tí ilẹ̀ mì, ìtẹ́ òkú jìnnà, wolé-wolé sì ń rìn káàkiri gbàgede, ó ń wá ẹni tí àìsàn ń ṣe. Ẹ̀rù bà wọ́n pé bí wọ́n bá gbé òkú ọmọ kọjá lójú wọn, wọ́n á ní àjàkálẹ̀ àrùn ni, wọ́n á sì kó gbogbo wa lọ síbi tí a kò mọ̀. Òjò ńlá kan wá ṣú lọ́sàn-án ọjọ́ tí àbúrò mi kú. Gbogbo èèyàn wọ abẹ́ tàpólì, wọ́n bo ojú. Nínú òjò yẹn ni wọ́n gbẹ́ ilẹ̀, tí wọ́n fi aṣọ bàbá mi kan wé e, tí wọ́n sì tẹ́ ẹ síbẹ̀. Wọ́n kó koríko padà lé e kí òjò tó dá.

"Àwa ọkùnrin la sọ pé ìjàlọ wà níbẹ̀," ó ní. "A ò fẹ́ kí wọ́n máa tẹ́ àtẹ lé e lórí. Ìyá rẹ gan-an la ò fẹ́ kó tẹ̀ ẹ́."

Ọdún mẹ́tàdínlógún ni àwọn àgbàlagbà yìí fi parọ́ fún àwọn ìyàwó wọn kí ilẹ̀ kékeré kan lè ṣófo. Èmi tí mo kàwé, òfìfo rẹ̀ nìkan ni mo rí. Ojú tì mí débi pé mo fẹ́ kí ilẹ̀ tún mì.

"Ẹ jẹ́ kí n sọ fún ọ̀gá mi," mo ní.

"Bí o bá sọ ọ́, wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé. Ìwé á pe ọlọ́pàá. Ọlọ́pàá á pe ìyá rẹ."

Òótọ́ ló sọ. Láti ìgbà tí òyìnbó ti dé ni òfin kò ti gbà kí wọ́n sin òkú sáàárín ìlú. Bí àwọn òṣìṣẹ́ bá gbẹ́ ilẹ̀ kan egungun ọmọdé, wọ́n á hú u, wọ́n á tò ó sórí aṣọ, wọ́n á máa wá ẹni tó ni ín. Ogún ìṣísẹ̀ ni ìdí àtẹ màmá mi sí ibẹ̀. Òun tí kò béèrè láti ọjọ́ yìí ni wọ́n á pè kó wá wo ohun tí ìyá kankan kò gbọdọ̀ wò. Ohun tí mo sì ní láti fi dá a dúró kò ju pẹ́ńsùlù lọ.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe parọ́. Mo mú àwòrán náà jáde lọ́jọ́ kejì, mo sì ya ìlà wínníwínní kan gba abẹ́ dóńgóyárò kọjá, mo kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé ilẹ̀ ti là níbí látìgbà tó mì, kò lè gba adágún. Mo ya ìlà náà dáadáa. Mo yà á bí ilẹ̀ ṣe máa ń là gan-an, ó wọ́ síhìn-ín, ó wọ́ sọ́hùn-ún. Nígbà tí mo gbé e fún ọ̀gá mi, ó wò ó pẹ́. Ó ní kí n mú fìlà, kí a jọ lọ wò ó.

Ó rìn yí igun náà ká. Ó tẹ ilẹ̀ pẹ̀lú gìgísẹ̀ bàtà rẹ̀. Ó lóṣòó, ó fi ọwọ́ ya koríko níbi mẹ́ta, kò sì sí ibì kankan tó là. Màmá mi kí i ní Gã láti ìdí àtẹ rẹ̀, ó ní kó wá mú ọṣẹ kan lọ fún ìyàwó rẹ̀. Ọ̀gá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wò ó, ó wá wò mí. Etí koríko náà ni mo dúró sí, mi ò tẹ̀ ẹ́.

Ó sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Kí ló wà níbí?"

"Ọ̀gá, mi ò lè kọ ọ́ sílẹ̀."

"Èmi ò ní kí o kọ ọ́. Àgbà ni àbí ọmọdé?"

"Ọmọdé ni."

"Ao," ó ní, bí àwọn Gã ṣe ń ṣe bí nǹkan bá dùn wọ́n. "Ìyá rẹ mọ̀?"

Mo mi orí pé kò mọ̀, mo sì sọ pé kò gbọdọ̀ mọ̀. Kò bi mí léèrè ìdí.

"Nílé bàbá mi," ó ní, "yàrá kan wà tí a kì í gbẹ́ ilẹ̀ rẹ̀. Kí òyìnbó tó ṣòfin, inú ilé la ń sin àwọn èèyàn wa sí. Ìyá bàbá mi wà lábẹ́ ibi tí mò ń sùn sí nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Wọ́n máa ń sọ fún mi pé kí n má fò lórí ibẹ̀."

Ó gba àwòrán náà lọ́wọ́ mi, ó fi rọ́bà pa ìlà tí mo yà rẹ́, ó sì fẹ́ ìdọ̀tí rẹ̀ dànù. "Má yà á mọ́," ó ní. "Irọ́ ẹnu máa ń lọ. Irọ́ orí bébà, wọ́n á kọ́lé lé e lórí." Ó wá gbé adágún náà kúrò níbẹ̀, ó fi í sójú kànga àtijọ́. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí ihò ti wà níbẹ̀, kí ló dé tí a fẹ́ gbẹ́ òmíràn. Lábẹ́ dóńgóyárò, ó kọ ọ́ pé kí koríko wà bó ṣe wà. Ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ya ìjókòó gígùn kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ igi náà. Mo bi í pé kí ni ìjókòó wà fún. Ó ní ilẹ̀ tó bá ṣófo, ẹnìkan á tún wá gbẹ́ ẹ lọ́jọ́ kan, bí èmi náà ṣe fẹ́ ṣe, ṣùgbọ́n ibi tí àwọn èèyàn ti ń jókòó sinmi, kò sí ìjọba tó máa ń tètè gbẹ́ ẹ. Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún un láàárín ọjà. Ó ní kí n má ṣe bẹ́ẹ̀, pé àwọn èèyàn á rò pé òun ti lé mi kúrò níṣẹ́.

Bàbá bíríkìlà ló dá mọ ìjókòó náà. Kò gbẹ́ ìpìlẹ̀ fún un. Ó gbé e lé orí òkúta pẹlẹbẹ tó tẹ́ sórí ilẹ̀, kò sì jẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ tó ń bá a ṣiṣẹ́ fọwọ́ kàn án. Nígbà tí òmìnira dé, tí wọ́n ta àsíá pupa, yẹ́lò àti àwọ̀ ewé káàkiri, gbàgede wa wà lára ibi tí àwọn èèyàn wá ń wò. Omi ń tú sókè. Àwọn ọmọ ń gun ìbọn àgbá. Àwọn obìnrin ti kó lọ sí ìsọ̀ onípáànù lẹ́yìn ògiri, wọ́n ń ráhùn pé ooru pọ̀ níbẹ̀, mo sì mọ̀ pé òótọ́ ni. Mo rìn yí ibẹ̀ ká pẹ̀lú ìgbéraga. Mo rò pé gbogbo rẹ̀ ti parí.

Kò ju ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà lọ tí mo yà síbẹ̀ láti ibi iṣẹ́, mo sì rí màmá mi lórí ìjókòó náà. Ó ti bọ́ bàtà. Ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sórí koríko, ó ń fi gèlè fẹ́ ara. Orúnkún ti ń dùn ún nígbà náà, ìsọ̀ sì gbóná, ó sì ti rí ibi tó tutù jù lọ ní gbàgede tí ọmọ rẹ̀ yà. Ohun tí àwọn ọkùnrin àdúgbò fi ọdún mẹ́tàdínlógún parọ́ kí ó má ṣẹlẹ̀, èmi àti ọ̀gá mi la tẹ́ ẹ sílẹ̀ fún un, a sì fi sìmẹ́ńtì lé e.

"Màámi, ẹ jẹ́ ká lọ sórí ìjókòó apá ọ̀hún. Ẹ ó máa rí omi dáadáa níbẹ̀."

"Oòrùn wà lápá ọ̀hún. Ibí yìí tù mí lára. Jókòó."

Mo jókòó. Mo gbé ẹsẹ̀ tèmi sórí òkúta, kí n má bàa tẹ koríko náà. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, mo wọ ọkọ̀ èrò tírótíró lọ bá bàbá bíríkìlà ní Nima. Nígbà tó gbọ́, ó fi ọwọ́ bo ojú.

"Ẹni tí kò mọ̀ kò da èèwọ̀," ó ní. "Àwa tí a mọ̀ ló gbé ẹrù rẹ̀ lérí. Má sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lé ìyá rẹ lórí."

Mo gbìyànjú. Ó lé ní ọdún kan tí màmá mi fi ń jókòó síbẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sán, tí mo sì ń yà síbẹ̀ lọ mú un relé. Mo máa ń bá a sọ̀rọ̀ nípa gbogbo nǹkan, owó ìsọ̀, ìyàwó tí mo fẹ́ fẹ́, ẹja tó wọ́n. Nígbà mìíràn mo máa ń bínú sí i láìnídìí, kó tó dìde mo ti gbé agbọ̀n rẹ̀, mo ti ń lọ níwájú. Ó máa ń ní mo ti di òyìnbó. Mo ń dúró de ọjọ́ tí ibẹ̀ máa sú u.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n ń la títì tuntun kan lápá kejì ògiri, ariwo ẹ̀rọ tó ń gbẹ́ ilẹ̀ sì kún etí wa. Màmá mi ń wo ibi tí eruku ti ń rú.

"Gbogbo ilẹ̀ Akra ló ń kọjá lórí tábìlì rẹ, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

"Púpọ̀ nínú rẹ̀, Màámi."

"Wọ́n ń gbẹ́ ibí, wọ́n ń gbẹ́ ọ̀hún. Èyí tó wà nísàlẹ̀ ńkọ́?"

Kò tíì sọ̀rọ̀ àbúrò mi sí mi létí rí, láti ọjọ́ tí wọ́n ti ká ẹní rẹ̀.

"Èmi ò bi ọ́ pé níbo," ó ní. "Mi ò gbọdọ̀ bi ọ́, mi ò sì ní bi ọ́. Ṣùgbọ́n bàbá bíríkìlà yẹn fẹ́ràn rẹ, mo sì mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kó ti bá ọ sọ ọ́. Mo ti dàgbà. Ohun tí mo fẹ́ gbọ́ ò ju pé ṣé ibi tó dára ni, kí wọ́n má lọ gbẹ́ ẹ."

Mo lè sọ pé mi ò mọ̀. Ohun tí mo ti pèsè sílẹ̀ nìyẹn fún ọdún kan gbáko. Ṣùgbọ́n mo wo ọwọ́ rẹ̀ tí ọṣẹ ti sọ dúdú ní gbogbo èékánná, tó ká wọn jọ lórí itan, mi ò sì lè jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀.

"Ibi tó dára ni, Màámi. Wọn ò lè gbẹ́ ẹ láéláé, ọwọ́ wa la fi yà á. Ilẹ̀ rẹ̀ tutù. Koríko wà níbẹ̀, oòrùn kì í sì í dé ibẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ lẹ́nu mi kí n tó gbọ́ ohun tí mo sọ.

Kò wo ilẹ̀. Ó ń wo iwájú, níbi tí omi ti ń tú. Díẹ̀díẹ̀ ló gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrò lórí koríko, ó gbé e lé òkúta. Ó gbé èkejì. Ó wọ bàtà rẹ̀ láìbẹ̀rẹ̀, ó ń fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ wá ojú rẹ̀. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì nù ún.

"Ó tó," ó ní. "Fà mí dìde."

Mo fà á dìde, a sì lọ sílé. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, mo bá a lórí ìjókòó apá kejì gbàgede, níbi tí kò sí igi kankan, ó ti ká aṣọ lé orí nítorí oòrùn, ó kọjú sí dóńgóyárò. Ibẹ̀ ló ń jókòó sí títí tó fi kú.